Ilé Ọba Tó Jó

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kétu, tí ó ń lọ sí ìhà Ìkẹjà, kò ní pẹ́ rí ère Gani Fáwẹ̀hìnmi ní Ọ̀jọ́tà, tí ó dúró gbọnin nínú ọgbà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Bí ó bá yà sí apá Ọ̀rẹ́gùn, yóò bọ́ sí títì tí a sọ ní orúkọ Kudirat Abíọ́lá. Ọkùnrin tí a gbẹ́ ère fún yìí lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi tí ó ti ń wọ́ àwọn alágbára lọ sí kóòtù. Obìnrin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe títì, ìbọn ni wọ́n yìn pa á ní agbègbè yẹn kan náà, lójúmọmọ, títí di àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ìdájọ́ ikú rẹ̀ dúró lé lórí. Mo ń gba ọ̀nà yìí kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń bi ara mi léèrè pé irú ènìyàn wo gan-an ni wá, tí a mọ ère í gbẹ́, tí a mọ títì í sọ lórúkọ, ṣùgbọ́n tí a kò mọ ẹjọ́ í parí.

Kétu ni mo wà ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1996. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti kọ iṣẹ́ ìwádìí mi fún oyè kejì ni. Ìròyìn náà kò tíì dé orí rédíò tí ó ti dé ọjà. Àwọn ìyá aláta ní Máìlì 12 ti ń bo ọjà wọn, nítorí pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí bí àwọn sójà ṣe yìnbọn lu àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 1993, onítọ̀hún kò ní dúró de àlàyé. Ohun tí mo rántí jù lọ nípa ọjọ́ náà ni ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ní àgbàlá ilé tí mo ń gbé. Kò sí ẹni tó bèèrè pé, 'Ta ni wọn yóò mú?' Ohun tí gbogbo wọn ń bèèrè ni pé, 'Ta ló kàn?' Ọkọ obìnrin náà, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì ní àtìmọ́lé nígbà náà, nítorí ó sọ pé òun ni òun wọlé ìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993. Àwa ará àdúgbò ti mọ̀ nínú ara wa pé ẹjọ́ kì í ṣe ohun tí à ń retí.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà wáyé. Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1998. Ìjọba alágbádá dé ní 1999, nínú ọdún náà ni wọ́n sì gbé Májọ̀ Hamza al-Mustapha, ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ ààbò fún Abacha, lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ikú Kudirat. Wọ́n pe Lateef Shofolahan tó ti bá olóògbé ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Sájẹ́ńtì kan, Barnabas Jabila, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rogers, jẹ́rìí pé òun ni òun yìnbọn, pé àṣẹ ni wọ́n pa fún òun. Nígbà tó yá, ó yí ohùn padà, ó ní wọ́n ló kọ́ òun ní ohun tí òun sọ ni. Ẹjọ́ ń ti ọwọ́ adájọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ adájọ́ mìíràn. Ọdún ń gorí ọdún. Ọjọ́ 30, oṣù Kínní, ọdún 2012, ni Adájọ́ Mojísọ́lá Dada tó dájọ́ pé àwọn méjèèjì jẹ̀bi, kí a yẹgi fún wọn. Oṣù kan náà nìyẹn tí ọgbà Gani ní Ọ̀jọ́tà kún fọ́fọ́ fún àwọn tó kọ̀ láti gba owó epo tuntun, tí àwọn sójà fi wá gba ọgbà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2013, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Èkó da ìdájọ́ ikú náà nù, wọ́n ní ẹ̀rí tí olùpẹjọ́ kó wá tako ara wọn, kò sì tó láti fi gba ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn méjèèjì lọ sílé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé al-Mustapha ló pa Kudirat. Ilé-ẹjọ́ ti ní wọn kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ni a ó pe ọdún mẹ́rìnlá tí ẹni tí kò jẹ̀bi lò ní àtìmọ́lé? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, kí ni a ó pe ìjọba tó ní ẹlẹ́rìí, tó ní ọlọ́pàá, tó ní odindi ọdún mẹ́rìnlá, tí kò lè to ẹ̀rí rẹ̀ kó dúró? Ọ̀nà yòówù kí a gbà wò ó, ẹnì kan ni a ṣe níkà.

Ohun tó tẹ̀lé e ló mú mi gbé kálàmù. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn kò gbà, pé àwọn yóò lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Àkókò tí òfin fún wọn kọjá. Wọ́n tọrọ àyè, ilé-ẹjọ́ sì fún wọn láyè. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó. Fáìlì náà sùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ náà lé ẹjọ́ náà dànù. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì tán. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó pe ẹjọ́ ti pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹjọ́ Kudirat Abíọ́lá ṣe parí ní ilẹ̀ wa nìyẹn, ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n pa á: a kò dá a láre, a kò dá a lẹ́bi, a gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí.

A ní òwe kan tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́: bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa á kò mọ kóòtù òde òní. Ní kóòtù wa, ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ẹjọ́ ń gbè. Bí òtítọ́ bá lọ lógún ọdún, ẹlẹ́rìí á ti kú, èyí tí kò kú á ti yí ohùn padà, ọlọ́pàá tó kọ àkọsílẹ̀ á ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á ti gbé adájọ́ ga, òjò á ti pa ìwé tàbí kí iná jó o, bí iná ṣe jó Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìgbóṣeré ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Alágbára tí a bá pè lẹ́jọ́ kò fi dandan nílò àre. Ohun tó nílò ni pé kí ọjọ́ máa lọ. Gbogbo wa ni a sì ń fún un ní ọjọ́: ìjọba ń fún un, agbẹjọ́rò ń fún un, àwa tí à ń pariwo lójú pópó náà ń fún un.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ẹni tí kò ní ọjọ́ láti rà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ aláàárù kan tí mo mọ̀ ní ọjà Máìlì 12 gbé agbọ̀n tòmátò kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí n tó gbọ́, wọ́n ti nà án. Kí n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti dúró níwájú májísíréètì. Wọ́n ní kí ó wá ẹni tó ní ilé ní Èkó láti dúró fún un. Ta ni aláàárù mọ̀ tó ní ilé ní Èkó? Oṣù mẹ́fà ló lò kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí, ó sì ti lò ju iye tí òfin ìbá fún un lọ. Òfin tó yára bí àṣá lórí agbọ̀n tòmátò, òun kan náà ló ń rìn bí ìgbín nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé a kò ní òfin.

Ta wá ni fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà nìyí, Gani sì ti rí i kí púpọ̀ nínú wa tó rí i. Nígbà tí bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Dele Giwa ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà, ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, Gani ní òun fẹ́ fi ẹ̀sùn náà kan ọ̀gá ológun méjì, Halilu Akilu àti A. K. Togun. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tó tíì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí Gani tó lè pe ẹjọ́, òfin ní kí ó kọ́kọ́ lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìpẹ̀jọ́, kí onítọ̀hún sọ bóyá òun yóò ṣe é tàbí òun kò ní ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, àwọn adájọ́ wí ohun tó yẹ kí a kọ sára ògiri gbogbo ilé-ìwé: pé ọ̀ràn dídá kan gbogbo ará ìlú, ẹnikẹ́ni ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí a ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó da ẹ̀sùn náà nù. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ará ìlú, fáìlì wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àwọn baba wa kò ní fáìlì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí a gbàgbé yìí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run ṣáájú wọn, ni àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn láti kọ Aláàfin. Ìdílé ni wọ́n ti ń jẹ oyè wọn. Aláàfin kò lè jí lówùúrọ̀ kí ó ní òun yọ Baṣọ̀run nípò nítorí pé ó bá òun wí. Ẹni tí yóò pe ọba lẹ́jọ́ kò jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ ọba. Lónìí, gómìnà ló ń yan Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́, òun náà ló lè yọ ọ́; ààrẹ ló ń yan olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀, òun ló sì ń yan olórí àjọ EFCC. A wá jókòó, à ń retí kí wọ́n pe ọ̀gá wọn tàbí ọ̀rẹ́ ọ̀gá wọn lẹ́jọ́. N kò ní kí a padà sí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Baṣọ̀run Gáà lo àṣẹ yẹn kan náà láti fi ṣe ìkà, nígbà tí agbára sì dé ọwọ́ rẹ̀ tán, kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́ mọ́. Ogun ni Aláàfin Abíọ́dún àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ọyábí fi mú un. A fẹ́ràn láti máa fi ikú Gáà dẹ́rù ba àwọn òṣìkà. Ó yẹ kí ó dẹ́rù ba àwa náà, nítorí pé ìlú tí kò lè fi ẹjọ́ mú Gáà, ogun ni yóò fi mú un, ogun kì í sì í mọ ẹni tó ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ní ti àwọn ihò tí alágbára ń gbà yọ, wọ́n pọ̀. Gómìnà tó wà lórí oyè, ìlà 308 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹjọ́. Gani tún ni ó lọ bèèrè ní kóòtù bóyá ọlọ́pàá lè ṣe ìwádìí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dáhùn ní 2002 pé wọ́n lè ṣe é. Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò di dandan kí wọ́n ṣe é! Bí ó bá kúrò lórí oyè, ẹjọ́ á wá bẹ̀rẹ̀, á sì di eré àwọn agbẹjọ́rò àgbà. Ọdún 2007 ni EFCC gbé Orji Uzor Kalu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Ábíà tẹ́lẹ̀, lọ sí kóòtù. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjìlá. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ gbogbo rẹ̀ di òfo, nítorí pé wọ́n ti gbé adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ga sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kí ó tó parí rẹ̀. Òfin tuntun ti ọdún 2015 ní adájọ́ bẹ́ẹ̀ lè parí ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní ìwé òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gbà á. Bóyá wọ́n tọ̀nà. Ọdún méjìlá ló ṣáà wọmi. Kalu padà sí ipò rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà.

Bí ẹjọ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, ìdáríjì wà níwájú. Wọ́n pe Joshua Dariye àti Jolly Nyame lẹ́jọ́ ní 2007, wọ́n dá wọn lẹ́bi ní 2018, ìjọba àpapọ̀ dárí jì wọ́n ní 2022. Ẹ̀wẹ̀, James Ibori tí kóòtù kan ní Àsàbà dá sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn 170 ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, òun kan náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàlá. Àwọn kan ń fi èyí yangàn pé òyìnbó ló mọ ìdájọ́. Kí wọ́n rọra. Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà ni owó ọ̀hún ti sápamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti wá.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Olóyè Bọ́lá Ìgè. Òun ni olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ nígbà náà; gbogbo fáìlì ìpẹ̀jọ́ ìjọba àpapọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2001, wọ́n pa á sínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ẹni tó ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ fún odindi orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tó rí ẹjọ́ tirẹ̀ pè já. Wọ́n gbé Ìyíọlá Omiṣore àti àwọn mìíràn lọ sí kóòtù. Ilé-ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀ ní 2004. Ẹ má ṣe gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjì: ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, nígbà tí ó ṣì wà ní àtìmọ́lé, àwọn ènìyàn wa ní Ọ̀ṣun dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ó wọlé. Ẹni tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi lẹ́tọ̀ọ́ láti díje, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa olùdìbò kò dúró kí a gbọ́ bí ẹjọ́ yóò ṣe rí.

Ẹ̀bi àwa náà nìyẹn, òun sì ni kò dùn ún kọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ti di ìwà fún wa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó rán Olóyè Bọ̀dé George lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì ààbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe nígbà tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn èbúté ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó jáde ní Kirikiri ní oṣù Kejì ọdún 2011, aṣọ ẹbí ni àwọn ènìyàn dá lọ pàdé rẹ̀, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìdúpẹ́. Ní 2013 Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wọ́gi lé ẹ̀bi náà, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀daràn, n kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá aṣọ ní 2011 kò mọ ohun tí ilé-ẹjọ́ yóò sọ ní 2013. Ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n rán gèlè fún. Aṣọ tí àwọn ìyá wa ń dá fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni a sọ di ẹ̀wù tí a fi ń bá ìdájọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì le, a óò fa òwe yọ: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, mo ní ẹ̀tọ́ láti bínú nígbà tí a bá ń lo òwe sódì. Ìjà ilẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì, ìjà tọkọtaya, gbèsè aládùúgbò, ibẹ̀ ni òwe yìí ń gbé. Ohun tó fẹ́ dáàbò bò ni ọ̀rẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ta ni ọ̀rẹ́ ẹni tó yìnbọn pa ìyá ọlọ́mọ nínú ọkọ̀? Àwọn mìíràn á ní kí a fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi náà gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ rí pé Ó gba iṣẹ́ kọmíṣọ́nnà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, pé òṣèlú ni gbogbo ìpẹ̀jọ́ wọ̀nyí, pé ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè nìkan ni EFCC ń rí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yìn erin là á yọ ogbó. Ta ní jẹ́ yọ agada lójú erin? Àmọ́ oògùn ẹjọ́ tí a fi ojúsàájú bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni kí a jẹ́ kí ó sùn. Bí ẹ̀rí kò bá sí, kí ìjọba jáde, kí ó sọ ọ́ ní gbangba, kí ó tú ẹni tó mú sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá. Bí ẹ̀rí bá wà, kí ó ṣe ẹjọ́ náà dópin. Èkó ló ṣáájú gbogbo ìpínlẹ̀ láti tún òfin ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe, ní 2007. Òfin àpapọ̀ ti 2015 ní kí a máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sún un síwájú ju ìgbà márùn-ún lọ. Àwọn ìwé wọ̀nyí wà nínú gbogbo ilé-ìkàwé.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ wá ní àlàyé. Ta ni fáìlì Kudirat Abíọ́lá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ti fún wọn láyè títí di 2025? Kọmíṣọ́nnà mélòó ló kọjá lórí rẹ̀? Ṣé ẹnì kan pàṣẹ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ni, àbí kò sí ẹni tó tilẹ̀ rántí? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n rí i pé ẹ̀rí kò tó, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti fún olùjẹ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà so rọ̀ sí lọ́rùn? Aláúsá ni ọ́fíìsì tó yẹ kí ìdáhùn ti wá. Láti ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1996, ẹsẹ̀ ni ènìyàn lè fi rìn ín.